Ọgọ́jọ Ó Dín Ọ̀kan

Bí ẹ bá bèèrè ẹ̀gbọ́n mi ní àdúgbò wa, kò sẹ́ni tó máa fi orúkọ tí bàbá wa sọ ọ́ júwe rẹ̀ fún yín. Gúnrégé ni wọ́n ń pè é. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá ti gbé ìlẹ̀kùn sínú férémù, tó tì í, tó ṣí i, tí kò ha, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, á ní, "Ó gún régé!" Ó sọ ọ́ títí tí àwọn ọmọ àdúgbò fi ń bá a sọ ọ́ bí wọ́n bá ti rí i tó gbé pákó kọjá. Kò bínú sí wọn rí. Ẹni tí wọ́n ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kí, kí ló fẹ́ bínú sí?

Káfíńtà ni. Èmi àbúrò rẹ̀ obìnrin, ìṣó, gọ́ọ̀mù àti àgádágodo ni mò ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù tó fara ti tirẹ̀. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló wà láàárín wa. Bó bá wúkọ́, mo gbọ́. Bí mo bá ń rojọ́ rẹ̀ fún oníbàárà, òun náà á gbọ́, á sì fi òòlù gbá pákó náà pé kí n pa ẹnu mi dé. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe àhesọ. Etí mi ló gbọ́ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ojú mi ló sì rí ìyókù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti téèpù, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Téèpù onírin ni, irú èyí tó ń sá wọ inú ìkarahun rẹ̀ bí ìgbín. Ìlẹ̀kùn ńlá kan ló já lé orí rẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ìkọ́ tó wà lórí rẹ̀ ya, sẹ̀ǹtímítà àkọ́kọ́ sì bá a lọ. Ẹlòmíràn ì bá sọ ọ́ nù. Ẹ̀gbọ́n mi fi sísọ́ọ̀sì gé e kó gún, ní orí nọ́ńbà kìn-ín-ní gan-an, ó sì ń lò ó lọ. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ohun tí wọ́n bá wọ̀n nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ọ̀kan ni wọ́n máa ń fi kún un. Bí oníbàárà bá fẹ́ pákó ọgọ́rùn-ún sẹ̀ǹtímítà, orí ọ̀kànlélọ́gọ́rùn-ún ni pẹ́ńsùlù ẹ̀gbọ́n mi máa balẹ̀ sí, pákó náà á sì jẹ́ ọgọ́rùn-ún géérégé. Ohun tí ọmọ iṣẹ́ máa kọ́kọ́ kọ́ níbẹ̀ nìyẹn, kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń di ayùn mú. "Fi ọ̀kan kún un!" Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni mò ń gbọ́ ọ láti inú ògiri. Ó débi pé bí mo bá ń ka ìṣó fún èèyàn, ẹnu mi á fẹ́ fi ọ̀kan kún un. Àwọn oníbàárà mi ì bá fẹ́ràn ìyẹn gan-an.

Téèpù titun sì wà lórí pẹpẹ mi o, wọ́n so rọ̀ lójú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú ọ̀kan, ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀." Á wò ó bí ẹni wo ejò. Á ní, "Tèmi mọ ọwọ́ mi." Ahun ni, mo sì sọ ọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ahun nìkan ló ń dà á láàmú. Ó ń fi téèpù jíjá yẹn yangàn ni. Ó ní ẹni tó ní ohun èlò pípé, ọmọdé náà lè ṣe é, pé ẹni tó fi èyí tó kù díẹ̀ káàtó ṣe iṣẹ́ tó pé, òun ni ọ̀gá.

Ó ní ọmọ kan ṣoṣo, obìnrin. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ògiri mú rìn, èmi ni mo sì gbà á tọ́. Panápaná la ń pè é. Ṣé ẹ mọ bó ṣe jẹ́? Oníbàárà kan ló ju ìdí sìgá sínú lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n gbá jọ sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Iná sọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tú ká, bàbá rẹ̀ ń pariwo pé kí wọ́n bu omi wá, èmi ń pariwo pé kí wọ́n kó ìṣó mi jáde, bí ẹni pé ìṣó ń jóná. Ọmọ tí eyín iwájú ẹnu rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ló wọ́ bàsíà tí mo rẹ aṣọ sí jáde, ó sì dà á lé iná náà lórí. Iná kú fin-ín-fin-ín. Aṣọ mi tó dára jù lọ wà nínú bàsíà náà, ó sì dọ̀tí títí ó fi di ìnulẹ̀. Ẹ̀rín pa gbogbo wa.

Orúkọ náà wá ro ọmọ. Bí ọkọ̀ panápaná bá ti ń fọn fèrè bọ̀ lójú títì, ìbáà jẹ́ pé ó ń wẹ̀ lọ́wọ́, á sá jáde. Nígbà tó dàgbà tán, kò fẹ́ gbọ́ iṣẹ́ mìíràn sétí. Iléeṣẹ́ panápaná sì ní òfin tiwọn: obìnrin tí kò bá ga tó ọgọ́jọ sẹ̀ǹtímítà, kò lè wọlé. Wọ́n ní nítorí àkàbà ni, àti nítorí àwọn ẹ̀rọ tó wà lókè ọkọ̀ wọn. A mọ òfin náà nínú ilé wa bí a ṣe mọ orúkọ ara wa. Ìran wa kì í ga. Èmi fúnra mi, orí àpótí ni mo máa ń gùn kí ọwọ́ mi tó tó àgádágodo tó wà lókè pẹpẹ.

Ọjọ́ ìbí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni bàbá rẹ̀ máa ń mú un dúró ti férémù ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, á gbé ìwé pẹlẹbẹ lé e lórí, á fi pẹ́ńsùlù fa ìlà, á sì fi téèpù rẹ̀ wọ̀n ọ́n, á yọ ọ̀kan tó fi lé kúrò. Àwọn ìlà náà ń gun férémù lọ láti ọdún dé ọdún bí èèrà. Nígbà tó yá wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gun òkè mọ́, ọkàn ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pòrúurùu. Á so rọ̀ mọ́ igi àjà, á ní kí n fa òun lẹ́sẹ̀. Mo fà á títí tí apá fi ro mí. Ní ọjọ́ ìbí kan, bàbá rẹ̀ fa ìlà, ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá férémù náà.

"Ọgọ́jọ! Ó gún régé!"

Mo sáré jáde pẹ̀lú ìṣó lọ́wọ́. Panápaná jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú lẹ́búlẹ́bú pákó, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Àwa méjèèjì dì mọ́ra.

Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún bíi mélòó kan ni iléeṣẹ́ yẹn máa ń gba èèyàn, wọn kì í sì í gba ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ti kọjá ibi kan. Ìgbà tí wọ́n wá fẹ́ gba èèyàn yẹn, ó ku díẹ̀ kí ọjọ́ orí rẹ̀ kọjá. Bí kò bá wọlé lọ́dún náà, kò ní wọlé mọ́ láé. Gbogbo wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó ṣe gbogbo ìdánwò wọn. Ó sáré, ó gbé àpò iyanrìn, ó wọ́ páìpù tó wúwo bí òkú ẹran, ó gun àkàbà dé òkè téńté ṣáájú àwọn ọkùnrin tó fi orí jù ú lọ. Gíga ni wọ́n wọ̀n gbẹ̀yìn. Ó bọ́ bàtà, ó dúró ti pátákó tó wà lára ògiri, ẹni tó ń wọ̀n wọ́n sì ka nọ́ńbà tó rí sókè.

Ọgọ́jọ ó dín ọ̀kan.

Nígbà tó délé, ó na ìka ọwọ́ rẹ̀ tó kéré jù sí mi. Ó ní, "Àǹtí, bí èékánná yìí ṣe fẹ̀ tó báyìí ni mo fi kù." Kò sunkún. Ó kàn ń wo èékánná náà ni.

Bàbá rẹ̀ ló bú jáde. Ó ní irọ́ ni, pé wọ́n fẹ́ fi àyè rẹ̀ fún ọmọ ẹnì kan ni, pé òun fi ọwọ́ ara òun wọ̀n ọmọ òun. Wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá ní ẹjọ́: kí ó mú òbí rẹ̀ wá, kí wọ́n tún un wò. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, ẹ̀gbọ́n mi wọ aṣọ tó fi ń lọ síbi ìgbéyàwó, ó fi téèpù jíjá rẹ̀ sápò, ó sì mú ọmọ rẹ̀ ṣíwájú. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, mo ń gbàdúrà fún wọn. Mo rò pé tí ẹni tó máa jà fún ọmọ bá wà láyé, òun ni.

Wọ́n padà dé ní ọ̀sán. Ẹ̀gbọ́n mi ló wà níwájú, ọmọ wà lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn, mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

"Àbúrò, o ò ní gbà gbọ́! Pátákó tí wọ́n fi ń wọ̀n wọ́n, ǹjẹ́ o mọ ẹni tó ṣe é? Èmi ni!"

Mo rántí. Nígbà tí ọmọ náà ṣì wà nílé ìwé, iléeṣẹ́ panápaná tún ilé wọn ṣe, wọ́n sì gbé iṣẹ́ fún un nínú ọgbà wọn: àga, tábìlì, àti pátákó gígùn kan tí wọ́n fẹ́ máa fi wọ̀n èèyàn. Téèpù titun tiwọn ni wọ́n fún un pé kó lò. Ó ti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí nígbà náà, pé wọ́n fún òun ní téèpù bí ẹni fún ẹja lómi. Ó fá pátákó náà títí ó fi ń dán, ó fi ọ̀dà dúdú fa ìlà rẹ̀, ó sì gbẹ́ àmì ọwọ́ rẹ̀, onígun mẹ́ta kékeré kan, sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bí mo ṣe wọlé," ó ní, "ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò. Àmì mi rèé! Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, kò ká kò, kò sán. Mo ní, 'Ọ̀gá, iṣẹ́ ọwọ́ mi rèé.' Gbogbo wọn dìde, wọ́n ń bọ̀ mí lọ́wọ́."

"Ọmọ ńkọ́?"

"Ọmọ dúró tì í. Ọgọ́jọ ó dín ọ̀kan. Ọ̀gá wọn ti ń fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ pé òun fẹ́ mú téèpù jáde, kí wọ́n tún un wọ̀n lọ́tọ̀. Mo ní, 'Ọ̀gá, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Pátákó tí mo bá ṣe kì í purọ́.' Ló bá ti dúrọ́ọ̀ rẹ̀ padà. Ó ní òun ò rí baba tó jẹ́ olódodo tó báyìí rí!"

Ó ń sọ ọ́, ó ń yangàn. Ọmọ jókòó lórí àpótí mi, ó ń tú okùn bàtà.

Inú bí mi débi pé mi ò mọ ohun tí mo dì mú, ìṣó gún mi lọ́wọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ẹni ò ní ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin fi tiyín sí ìdí pátákó!"

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Kí n purọ́ mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi?"

Panápaná gbé ojú sókè. "Bàámi, ẹ̀yin náà lẹ kọ́kọ́ wọ̀n mí. Níbí. Ọgọ́jọ lẹ pè é."

"O gbé gìgísẹ̀ sókè. Orí ni mò ń wò, mi ò wo ẹsẹ̀ ẹ."

"Mi ò gbé e, Bàámi."

"Ṣé pátákó ló wá gbé gìgísẹ̀ tiẹ̀? O tàn mí jẹ. O jẹ́ kí n fi aṣọ ìgbéyàwó lọ máa jiyàn lọ́dọ̀ ìjọba lórí irọ́."

Ẹyin lohùn. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kò sì tíì tó o lójú. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ, mo gbọ́ tó ń wá nǹkan, lẹ́yìn náà mo gbọ́ ìró rándà tí wọ́n fi ń fá pákó. Mo jáde. Férémù ẹnu ọ̀nà ló ń fá. Gbogbo ìlà tó ti ń fà láti ìgbà tí ọmọ wà ní kékeré, ó fá wọn dànù láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó ní òun ò fẹ́ rí irọ́ lẹ́nu ọ̀nà òun. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń fá kúrò ń ká, ó ń já bọ́ sílẹ̀. Panápaná ló máa ń gbá ṣọ́ọ̀bù náà ní ìrọ̀lẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà, ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá a.

Kò pẹ́ tó fi kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn, lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀ tó ní iléeṣẹ́ búrẹ́dì. Kò bá bàbá rẹ̀ jà. Ó kúnlẹ̀, ó dágbére, ó lọ. Èmi ló máa ń pè lórí fóònù, á ní kí n bá òun kí Bàámi. Mo bá a kí i. Ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Ọmọ tó bá fẹ́ bínú, kó bínú." Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ panápaná bá ń fọn fèrè lọ lójú títì, òòlù rẹ̀ máa ń dákẹ́ títí ọkọ̀ náà á fi kọjá. Mo ń gbọ́ ọ láti inú ògiri. Ó tẹ́ mi lọ́rùn, ẹ má bínú. Èmi ni mo tọ́ ọmọ yẹn.

Bẹ́ẹ̀ la wà títí ọjọ́ orí ọmọ náà fi kọjá ibi tí wọ́n ń wò.

Ọjọ́ kan ni téèpù jíjá náà wá já pátápátá, ó já sí méjì lójú àwọn ọmọ iṣẹ́. Mo já titun kan lórí pẹpẹ mi, mo jù ú sí i láti ẹnu ọ̀nà. Mo ní, "Ẹ gbà, ọ̀fẹ́ ni, kí n lè sinmi." Ó rojọ́ títí, ó mú un. Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ fi ṣe ni férémù fèrèsé fún obìnrin kan tó jẹ́ tíṣà, tó ń kọ́lé lẹ́yìn àdúgbò wa. Ó ṣe wọ́n, wọ́n dán, wọ́n gbé wọn lọ. Ọjọ́ kejì ni Tíṣà dé tòun ti ọmọlanke, gbogbo férémù náà wà nínú rẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀gá Gúnrégé, kò sí ẹyọ kan tó wọlé o."

"Bíríkìlà yín ló mọ ihò kéré."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ̀n wọ́n lójú mi."

Ó fa téèpù titun náà yọ. Ti àkọ́kọ́ fi sẹ̀ǹtímítà kan lé iye tí Tíṣà ní kó ṣe. Ó wọ̀n èkejì, ó fi ọ̀kan lé. Ẹ̀kẹta, ọ̀kan. Gbogbo wọn. Ó dúró, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n! Ọwọ́ yín ṣì ń fi ọ̀kan kún un! Téèpù ti pé, ọwọ́ ò gbà!"

Ẹ̀rín pa Tíṣà. Ẹ̀rín pa ẹ̀gbọ́n mi náà, ó ń gbá itan, ó ní, "Ọwọ́ burúkú, ọwọ́ burúkú ni mo ní." Àfi bí ẹ̀rín náà ṣe dúró lójijì. Ó wo téèpù náà. Ó ní, "Téèpù tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ yẹn, titun ni."

Mo ní, "Ọjọ́ wo?"

Ó yíjú sí férémù ẹnu ọ̀nà, síbi tó ti fá a, tí pákó ti jinú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó. Ìgbà náà ló yé mi. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Nínú ọgbà panápaná, ó fi téèpù pípé wọ̀n àmì àkọ́kọ́ láti ẹsẹ̀ pátákó, ọwọ́ rẹ̀ sì fi ọ̀kan kún un bó ṣe máa ń ṣe. Ìlà tó kù tò tẹ̀lé e. Ibi tó kọ ọgọ́jọ sí, ọ̀kànlélọ́gọ́jọ ni. Ọmọ mi ga tó. Ìlà tó wà lára férémù wa ni òtítọ́, òun ló sì fi rándà fá.

Tíṣà ń bi wá pé ta ló kú. Mo ní kó máa lọ sílé, a máa tún férémù rẹ̀ ṣe.

Èmi ni mo ní dandan, a máa lọ sí iléeṣẹ́ panápaná. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ṣì wà níbẹ̀, ipò rẹ̀ ti ga sí i, ikùn rẹ̀ náà sì ti ga sí i. Èmi ni mo sọ ọ́. Ọ̀gá náà fa dúrọ́ọ̀ kan náà, ó mú téèpù jáde, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wọ̀n pátákó náà láti ìsàlẹ̀. Ó tún un wọ̀n. Lẹ́yìn náà ló dìde tó lọ ti ìlẹ̀kùn.

"Baba, ta lẹ tún ti sọ fún?"

Mo ní, "Ọmọ náà ńkọ́, Ọ̀gá?"

"Ọjọ́ orí ẹ̀ ti kọjá, màmá. Òfin ni."

"Òfin yín fi ọ̀kan lé!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Ẹ ro ti àwọn tó kù. Gbogbo ẹni tí a ti ní ó kù díẹ̀ fún, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n wá dúró síwájú ọgbà yìí? Baba, ẹ bá wa ṣe é kó dáa, kọ́rọ̀ náà parí síbí."

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi pé kó kọ̀. Ó ti yọ ayùn nínú àpò iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé pátákó náà kúrò lára ògiri, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹni tẹ́ aláìsàn, ó wọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan ní ẹsẹ̀ rẹ̀, kò fi nǹkan kan kún un, ó sì gé e. Àmì onígun mẹ́ta rẹ̀ wà lókè ibi tó gé. Ó gbé pátákó padà, ó kàn án. Ó fi ègé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ náà sápò. Kò gbá nǹkan kan, kò sì sọ pé ó gún régé.

Ojú ọ̀nà ni mo ti sọ fún un pé ìlú ọmọ là ń lọ. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, ṣùgbọ́n kí ó gbé àbámọ̀ náà lọ bá ẹni tó ni ín.

Ẹ̀yìn iléeṣẹ́ búrẹ́dì náà la ti bá a. Ó rù, ìyẹ̀fun wà lápá rẹ̀ dé ìgúnpá, àpá iná kéékèèké wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀, ó kí mi, ó fa àpótí fún wa. Ẹ̀gbọ́n mi ò jókòó. Ó yọ ègé pákó náà, ó fi lé e lọ́wọ́, ó sì sọ ọ́ fún un, gbogbo rẹ̀, téèpù titun, férémù Tíṣà, ayùn.

Panápaná fi ègé náà wé èékánná ọwọ́ rẹ̀ tó kéré jù. Wọ́n dọ́gba.

"Àṣìṣe ọwọ́ ni, ọmọ mi," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ọwọ́ ló ti mọ́ lára. Mi ò mọ̀."

"Mo gbọ́, Bàámi. Àṣìṣe ọwọ́ ò ní nǹkan kan nínú. Èmi náà ti fi iyọ̀ sí ìyẹ̀fun kan náà lẹ́ẹ̀mejì rí." Ó rọra sọ ọ́, bó ṣe máa ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. "Ṣùgbọ́n ọ̀gá yẹn ti fa dúrọ́ọ̀ yẹn. Téèpù ti yọrí. Mo rí i, yẹ́lò ni. Ẹ̀yin lẹ ní kó tì í."

Ẹnì kan pè láti inú ilé pé ààrò ti gbóná. Panápaná fi ègé pákó náà padà sí àpò àyà bàbá rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó má baà já bọ́, ó sì wọlé. A dúró, a dúró. Ọmọbìnrin kan ló gbé búrẹ́dì gbígbóná wá fún wa nínú ìwé, ó ní wọ́n ní ká máa jẹ ẹ́ lọ lọ́nà.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà, ẹ̀gbọ́n mi gbé búrẹ́dì náà lé itan, kò já a.

"Àbúrò, ṣé òótọ́ ni pé téèpù yẹn yẹ́lò?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi ò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀."

"Mi ò wò ó," ni ó wí. "Pátákó mi ni mò ń wò."